Ẹ̀yin olùkọ́ fásitì tó ti ń lo Moodle: kí ló yí padà nínú bí ẹ ṣe ń kọ́ni?

Olùkọ́ Etí-Ọ̀ṣun

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Sìtátísíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọdún kejì ní fásitì kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ wa ti pàṣẹ pé bí sẹ̀mẹ́sítà tuntun bá ti wọlé, gbogbo kọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní ojúlé tirẹ̀ lórí Moodle, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kọ́ni. Wọ́n pè wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan, wọ́n fi bí a ṣe ń wọlé àti bí a ṣe ń gbé fáìlì sórí rẹ̀ hàn wá, wọ́n ní ká máa lọ.

Mo ti wo ojúlé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. PDF ló kún ibẹ̀. Nóòtì tí wọ́n ti ń pè fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n kó síbẹ̀. Kò sí ìbéèrè, kò sí ìdáhùn, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, aṣojú kíláàsì lè fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a kò nílò Moodle.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi lé ní 400, gbọ̀ngàn tí wọ́n fún wa kò sì gba ìdajì wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ ohùn mi, wọn kì í rí pátákó. Ó ń dùn mí. Kì í ṣe ibi tí màá tẹ̀ lórí ẹ̀rọ ni mò ń béèrè, ìyẹn á yé mi bó pẹ́ bó yá. Ẹ sọ fún mi: kí lẹ ń ṣe báyìí tí ẹ kì í ṣe tẹ́lẹ̀? Kí lẹ sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀ sà. Báyọ́lọ́jì ni tèmi. Nóòtì pípè ni mo kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀. Nóòtì ti wà lọ́wọ́ wọn láti Ọjọ́bọ̀, kí ni màá tún dúró pè ní Mọ́ńdè? Wákàtí méjì tí mò ń lò fún un bá ṣófo, mo sì ní láti wá ohun tí màá fi dí i. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sá padà sínú PDF.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Ìbéèrè márùn-ún lórí Moodle lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ṣí ní Ọjọ́bọ̀, ó ń tì lálẹ́ Sọ́ńdè. Máàkì táṣẹ́rẹ́ ni mo fi sí i, mo sì gbà wọ́n láyè láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí n tó jáde nílé, màá ṣí àkójọ ìdáhùn wọn. Ẹ̀rọ náà á fi hàn mí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ gbà, èyí tí wọ́n kùnà, àti ìdáhùn òdì tí wọ́n rọ́ lọ bá. Bí wọ́n bá kùnà ìbéèrè kẹta, ìbéèrè kẹta ni kíláàsì mi lọ́jọ́ náà. Èyí tí wọ́n ti mọ̀, n kò ní fọwọ́ kàn án. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tí mo bá ń máàkì ìwé ìdánwò ni mo máa ń rí i pé ohun kan kò yé wọn, sẹ̀mẹ́sítà sì ti parí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn ìdánwò kéékèèké yìí ń fi àkókò ṣòfò, ẹ má gbọ́. Ìwádìí kan wà tí Roediger àti Karpicke ṣe ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa ìwé dé wọ́n gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló rántí jù. Ẹ wo àwọn ọmọ wa lóru ìdánwò, bí wọ́n ṣe ń ka nóòtì kan náà títí ojú wọn á fi pọ́n.

Fún Sìtátísíìsì tiyín, ẹ wá irú ìbéèrè tí Moodle ń pè ní Calculated. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa kọ ìbéèrè, ẹ̀rọ á fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìdáhùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní wúlò fún un, àyàfi kí ọ̀rẹ́ náà kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe é, ohun tí a sì ń fẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọdún kẹta. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ka ohun gbogbo. A kò ní láptọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá ya fọ́tò ojú ìwé 30 tí ẹ sọ ọ́ di PDF, ó ń wúwo, kò ṣeé fẹ̀ lójú fóònù, a kò sì lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Fídíò wákàtí kan, dátà òru la fi ń wò ó, àwọn tí kò sì ní dátà òru ń dúró kí ẹlòmíràn wò ó kó wá sọ fún wọn. Ohùn lásán dára fún wa ju fídíò lọ. Olùkọ́ wa kan máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, á fi àwòrán kan tì í. Mo ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, mo ń gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń bá ìyá mi dúró ti ọjà.

Èkejì: ẹ jẹ́ ká mọ ibi kan tí a ó máa wò. Iṣẹ́ kan wà lórí Moodle, àtúnṣe rẹ̀ wà lórí WhatsApp, ọjọ́ tí a ó fi sílẹ̀ wà lórí Telegram. Àwọn kan pàdánù máàkì nítorí pé ẹgbẹ́ WhatsApp méjì ni wọ́n ní, wọn ò sí nínú ìkẹta.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ tì ní aago méjìlá òru gééré. Aago mẹ́wàá ni iná ń lọ ládùúgbò wa.

Alábòójútó Moodle

Àbúrò, o ṣeun. Gbogbo ohun tí o sọ ni mò ń rí láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, torí èmi ni mò ń ṣàbójútó Moodle fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí èyí.

Ẹ má ṣe fi ìdánwò kékeré sí aago kan náà fún 400 ènìyàn. Bí gbogbo wọn bá tẹ Bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé Moodle dúró, yóò dákú, ẹ ó sì rò pé Moodle ló burú. Ẹ ṣí i fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ wá fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ogún ìṣẹ́jú láti ìgbà tó bá ti wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fa ìbéèrè fún ẹni kọ̀ọ̀kan látinú àpamọ́ ìbéèrè (Question bank), kí ti Táyé má bàa jọ ti Kẹ́hìndé. Bí iná bá lọ láàárín, ìdáhùn tó ti wà níbẹ̀ kì í sọnù, ẹ̀rọ ń fi wọ́n pamọ́ fúnra rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Áàpù Moodle wà fún fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi Wi-Fi ilé ẹ̀kọ́ gba gbogbo ohun tó wà nínú kọ́ọ̀sì sílẹ̀, kó wá kà á nílé láìsí dátà rárá. Ẹ lè ṣètò ìdánwò kékeré tí kò ní gbèdéke ìṣẹ́jú kó ṣeé ṣe láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Bó bá ti rí nẹ́tíwọ̀kì padà, áàpù á fi ìdáhùn ránṣẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ lo WhatsApp fún ìkéde, kí ìkéde náà jẹ́ líǹkì tó mú wọn lọ sórí Moodle. Ẹ má gba iṣẹ́ lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa fóònù dà, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ fi kún un. Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà tó dá Moodle sílẹ̀, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2002, ibi tó jìnnà sí ìlú ńlá ló ti dàgbà, orí rédíò ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó mọ bó ṣe ń rí kí olùkọ́ wà níbì kan, kí ọmọ wà níbòmíràn. Èrò tó kọ́ Moodle lé ni pé ènìyàn ń mọ nǹkan nígbà tó bá ń ṣe nǹkan fún àwọn ẹlòmíràn láti rí. Ìdí nìyẹn tí ibi ìjíròrò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní Q and A: akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí ohun tí àwọn yòókù kọ títí òun náà á fi kọ tirẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ pé wọ́n ń dàwé kọ, ẹ dán èyí wò ná.

Olùdarí NOUN

Mo kí gbogbo yín. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùdarí ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NOUN, fásitì ìjọba tó ń kọ́ni láti òkèèrè, mo sì rí i pé àwọn fásitì tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ìṣòro tiwa pàdé ni. Ẹ rántí pé 1983 ni ìjọba ti kọ́kọ́ dá fásitì tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba ológun tì í ní 1984, kò sì padà wá títí di 2002. Ọdún méjìdínlógún la fi pàdánù ìmọ̀ bí a ṣe ń kọ́ ẹni tí kò sí níwájú wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ọlọ́pàá, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, olùkọ́ pírámárì. Bí wọ́n bá ṣí ìwé tí gbólóhùn rẹ̀ gùn bí ọ̀nà Èkó, wọn á pa á dé. Nítorí náà, bí a ṣe ń kọ nóòtì gbọ́dọ̀ yí padà. Nóòtì tí ẹ ń pè nínú kíláàsì kò pé tó, torí ẹnu yín ló ń parí rẹ̀: ẹ ń fi àpẹẹrẹ kún un, ẹ ń dáhùn ẹni tó na ọwọ́. Lórí ẹ̀rọ, ẹnu yín kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń bá ènìyàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìpínrọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ dá a dúró, ẹ bi í ní ìbéèrè kan, ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé kọ́ọ̀sì wa.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí a ń pè ní TMA ló ń kó 30 nínú 100, ìdánwò ń kó 70. Mo máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ tuntun pé ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sí abẹ́ iṣẹ́ náà ni kíláàsì yín. Ẹni tí kò rí ojú yín rí, ìlà mẹ́ta tí ẹ kọ sí i ni yóò fi mọ̀ bóyá ẹ ka iṣẹ́ òun.

Àgbà Kẹ́mísírì

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, mo sì kí yín kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì.

Ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ń kọ́ni. Bí mo bá kọ nǹkan sójú pátákó tí mo yíjú padà, mo mọ ẹni tó yé, mo mọ ẹni tó ń díbọ́n. Ẹ̀rọ kò lè fún mi ní ìyẹn. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ lè wo fídíò bí a ṣe ń ṣe titration, ìyẹn kíkán omi kẹ́míkà kan sínú òmíràn títí àwọ̀ á fi yí padà, nígbà ogún. Lọ́jọ́ tí búrẹ́ẹ̀tì (burette), ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń kán an, bá dé ọwọ́ rẹ̀, á kọjá ibi tí àwọ̀ ti ń yí padà. Ọwọ́ ni ẹ̀kọ́ yẹn ń gbé.

Ìbéèrè kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Bí mo bá gba gbogbo ẹ̀kọ́ mi sílẹ̀ tí mo gbé e síbẹ̀, ta ló ni ín? Ẹ rántí 2022, tí ASUU dáṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá. Lọ́jọ́ iwájú, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣí fídíò mi fún kíláàsì nígbà tí èmi wà nílé tí wọn kò san owó oṣù mi? Àti pé lọ́pọ̀ ibi, bí ènìyàn bá lo oṣù mẹ́ta láti ṣètò kọ́ọ̀sì kan dáadáa, kò ní kà fún ìgbéga. Àpilẹ̀kọ jọ́nà ni wọ́n ń kà. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ mọ èyí, wọ́n sì ń fi PDF lásán síbẹ̀ torí pé ẹnikẹ́ni kò san án fún wọn pé kí wọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará Ilé ní Leeds

Bàbá, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ o. Níhìn-ín ní Britain, UCU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ti bá àwọn aláṣẹ fa ọ̀rọ̀ yìí kan náà, pé wọn kò gbọdọ̀ lo ẹ̀kọ́ tí a gbà sílẹ̀ láti fi dí ipò olùkọ́ tó wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín bá aláṣẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà: ta ló ni fídíò, ọdún mélòó ni wọn yóò fi lò ó, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí olùkọ́ bá kúrò. Ó rọrùn láti bá wọn sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wá sórí ẹ̀rọ.

Nípa ti fídíò, mo fara mọ́ ohun tí àbúrò akẹ́kọ̀ọ́ sọ. Philip Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ fídíò ẹ̀kọ́ orí edX, ojúlé ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, wò, ìwádìí wọn jáde ní 2014. Ìgbà mílíọ̀nù 6.9 tí àwọn ènìyàn ṣí fídíò ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Bí fídíò bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, àwọn ènìyàn ń fi í sílẹ̀. Wọ́n tún rí i pé olùkọ́ tó jókòó nídìí tábìlì tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ń dá wọn dúró ju fídíò olówó ńlá tí wọ́n yà ní situdíò lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kámẹ́rà olówó gọbọi fún yín.

Ní 2020 tí kòrónà lé gbogbo wa wọlé, mò ń bá àpótí dúdú sọ̀rọ̀ lórí Zoom. Wọn kì í tan kámẹ́rà. Bàbá, bí ẹ ṣe ń wá ojú wọn náà ni mo ń wá a. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo dá ọ̀rọ̀ sísọ dúró, mo sọ kíláàsì di ìbéèrè tí wọ́n ń fi lẹ́tà A, B, tàbí D dáhùn, mo sì ń dá wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn tí kì í lanu nínú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Ọmọbìnrin kan wà tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní ọdún kìíní. Ohun tó ń kọ síbi ìjíròrò ló fi hàn mí pé òun ló mọ̀ ọ́n jù. Láti ìgbà yẹn, bí a tilẹ̀ ti padà sí gbọ̀ngàn, n kò tíì padà sí wákàtí kan tí èmi nìkan ń sọ̀rọ̀.

Akéwì Orí Òkè

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí ẹ̀ka Yorùbá ni mo wà, ewì alohùn ni mò ń kọ́. Ó lè dà bí ẹni pé kọ́ọ̀sì wa ló kẹ́yìn tó yẹ kó lọ sórí ẹ̀rọ. Lọ́dọ̀ tèmi, òun ló jàǹfààní jù.

Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ń mú ewì wá. Màá kọ ìjálá tàbí rárà kan sójú pátákó, a ó jọ tú u palẹ̀. Ohùn ti kúrò lára rẹ̀, ìlù ti kúrò, ẹni tó sun ún kò sí níbẹ̀. Ewì alohùn tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀! Ní báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò lọ bá àgbàlagbà kan nílé wọn, yóò tọrọ àyè, yóò fi fóònù gba oríkì, ẹkún ìyàwó, rárà, tàbí ohunkóhun tó bá mọ̀ sílẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Yóò gbé ohùn náà sórí Moodle, yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, yóò kọ ìlú tí ó ti gbà á àti ọ̀dọ̀ ẹni tí àgbà náà ti kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni mo ń lo ohun tí Moodle ń pè ní Workshop. Ó ń pín iṣẹ́ ẹni kan fún àwọn mẹ́ta mìíràn láti yẹ̀ wò. Wọ́n á gbọ́ ohùn náà, wọ́n á tún àmì ohùn ṣe, wọ́n á máa jiyàn: “Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ́, ọkọ̀ ni, ẹ tún un gbọ́.” Ẹ wo bí àmì ohùn ṣe di ohun tí wọ́n ń jà fún, àwọn tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n yọ̀ǹda kí wọ́n kọ ọ́ láìsí àmì.

Ohun tó wá ṣí kíláàsì mi sílẹ̀ ni pé oríkì àwọn Oníkòyí wá láti ìlú bíi mélòó kan nínú sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo, ìkan kò bá èkejì mu tán. Ta ló gba tirẹ̀? Ìbéèrè yẹn la fi jókòó. Kì í ṣe èmi ni mo ni ewì mọ́, èmi ni mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Kétu, lápá Benin, gbé orin ẹ̀fẹ̀ wá, a sì rí àwọn tí kò mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi mẹ́ta fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀: ẹ jẹ́ kí àgbà náà mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ń lọ, ẹ má gbé e sí gbangba, bó bá ní apá kan kì í ṣe fún gbogbo etí, ibẹ̀ ni kí fóònù ti kú. Gboard, áàpù ìtẹ̀wé Google fún fóònù, ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ kọ́ wọn bí wọn á ṣe tan án lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá gbé e, kó fi ọwọ́ kọ ọ́ kó ya fọ́tò, ẹ má yọ máàkì rẹ̀.

Olùkọ́ Etí-Ọ̀ṣun

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. N kò mọ̀ pé màá rí tó báyìí. Ọ̀rọ̀ Akéwì wú mi lórí gan-an.

Ẹ ràn mí lọ́wọ́ síbì kan sí i. ChatGPT ńkọ́? Bí mo bá fún wọn ní iṣẹ́ ilé, mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò ti lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń tọ́ka sí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kọ.

Ará Ilé ní Leeds

Ẹ má fi owó yẹn ṣòfò. OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an gbé irú ẹ̀rọ ìdámọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní 2023, oṣù keje ọdún náà ni wọ́n pa á tì torí pé kì í sọ òótọ́ tó. Ìbẹ̀rùbojo tèmi ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ ni wọ́n máa fẹ̀sùn kàn, kò sì ní rí nǹkan fi gbèjà ara rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Sà, ẹ̀yin lẹ ní ọ̀nà tó dára jù nínú gbogbo wa, torí Sìtátísíìsì ni. Ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà inú ìwé. Ẹ rán wọn lọ sọ́jà. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí lọ́dọ̀ oníṣòwò méjì ní ìlú tirẹ̀, kó kọ orúkọ ọjà àti ọjọ́ tó lọ. Moodle ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Database. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti ní iye tó lé ní 800 láti ìlú oríṣiríṣi, tí kò sí nínú ìwé kankan, tí ẹ̀rọ kankan kò sì mọ̀.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan fa mẹ́wàá yọ láìwò, kó ṣírò àròpín rẹ̀. Ẹ kó àròpín 400 jọ, ẹ yà á sójú pátákó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọn á fi ojú ara wọn rí bí iye owó gàrí fúnra rẹ̀ ṣe fọ́n káàkiri, tí àwọn àròpín sì kó ara wọn jọ sí àárín. Ohun tí ẹ ti ń fi àmì Gíríìkì ṣàlàyé láti ọjọ́ yìí, àwọn ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹ ó sì rí ẹni tó kọ owó tó ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ẹ bi í léèrè. Bóyá kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló tóbi ju tàwọn yòókù. Gbogbo ẹ̀kọ́ lórí àṣìṣe ìwọ̀n wà nínú ìbéèrè yẹn.

Kí wọ́n wá kọ ojú ìwé kan lórí ohun tí wọ́n rí. Ẹ mú díẹ̀ nínú wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì lójúkojú. Ẹni tó lọ sọ́jà á mọ ohun tó kọ.

Àgbà Kẹ́mísírì

Èyí dára. Èyí dára gan-an ni. Bí mo bá lè rí ohun tó jọ ọ́ fún kẹ́mísírì, mo ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Omi kànga ilé wọn ńkọ́? Kí wọ́n ronú ìbéèrè wọn wá láti ilé, kí wọ́n mú omi wá sí yàrá ìwádìí, kí a dán an wò níbẹ̀, kí wọ́n kó èsì padà sórí ẹ̀rọ. Àkókò yàrá ìwádìí yóò wá jẹ́ ti ọwọ́ nìkan, torí àlàyé ti ṣáájú wọn dé.

Alábòójútó Moodle

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

Olùkọ́ Etí-Ọ̀ṣun, ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, ìbéèrè márùn-ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ àti iṣẹ́ ọjà yẹn ti tó. Kọ́ọ̀sì tí ẹ bá fi ọwọ́ tọ́jú yóò gba àkókò púpọ̀ lọ́dún kìíní, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó ṣòfò: nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tẹ Backup, kí ẹ yọ orúkọ àti máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi fáìlì náà pamọ́ sọ́dọ̀ ara yín, kì í ṣe sórí sáfà ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó tẹ Restore, gbogbo ìbéèrè yín á padà wá, ìdáhùn tí ẹ rí lọ́dún yìí lẹ ó sì fi mọ èyí tó yẹ kí ẹ yọ. Bí ẹ bá dé ibi àpamọ́ ìbéèrè tó bá ṣú yín lójú, ẹ kọ síbí. Mo máa ń wọlé wá lálẹ́.